Mọ́dẹ́lì ojú sánmà lọ́fẹ̀ẹ́: ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i, àti bẹ́ ẹ ṣe máa yí i padà tí kò ní bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́

Tẹ́ ẹ bá ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ wá fẹ́ fi rọ́kẹ́ẹ̀tì, sátẹ́láìtì tàbí òṣùpá sínú ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu pé ẹ fẹ́ mọ ọ́n látìbẹ̀rẹ̀. Mọ́dẹ́lì ojú sánmà, ìyẹn àwòrán 3D tẹ́ ẹ lè yí wò láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo, pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló sì jẹ́ pé àwọn tó fi ọkọ̀ yẹn ránṣẹ́ sókè gan-an ló gbé e síta fáráyé. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹ máa ṣí fáìlì yẹn tán, ẹ ó rí nǹkan funfun kan tí kò ní àwọ̀, apá kan ti ṣófo, ó tóbi ju ìlú lọ tàbí kó kéré débi pé ẹ ò ní rí i rárá, ẹ ó wá ní mọ́dẹ́lì yẹn ló bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. Kò sí fọ́máàtì, ìyẹn irú fáìlì, tí kì í já nǹkan sílẹ̀ lọ́nà, ẹni tó bá mọ èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń já sílẹ̀ ló máa mọ ibi tó yẹ kó gbà. Títẹ bọ́tìnnì pé kó yí padà, ìyẹn ò le.

Ibi tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wá lọ

Ọ̀dọ̀ NASA ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ jàre. Wọ́n ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní NASA 3D Resources, ó wà lórí sáìtì wọn, ó sì tún wà lórí GitHub, sáìtì táwọn èèyàn ń kó fáìlì iṣẹ́ wọn sí. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí àwọn ohun tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sójú sánmà, bíi Voyager, Cassini, Hubble, James Webb, Curiosity, Perseverance pẹ̀lú hẹlikópítà kékeré tó bá a dé Mars, ìyẹn Ingenuity, títí dórí ISS fúnra ẹ̀, ibùdó táwọn èèyàn ń gbé lójú sánmà. Ti GitHub yẹn, fóldà mọ́dẹ́lì wà lọ́tọ̀, ti 3D Printing wà lọ́tọ̀, ẹ má lọ ṣi ìkejì mú o, torí èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D, STL ló sábà máa ń jẹ́, STL ò sì mọ àwọ̀ rárá, ìrísí nìkan ló ń gbé. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mú fáìlì kan ṣoṣo lórí GitHub, ẹ wọ ojú ewé fáìlì yẹn kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì dáúnlóòdù tó wà níbẹ̀, ẹ má ṣe right-click lórí orúkọ ẹ̀ pé ẹ fẹ́ sévù ẹ̀, ojú ewé lásán lẹ máa sévù, orúkọ ẹ̀ á máa jẹ́ .3ds ṣùgbọ́n HTML ló máa wà nínú. Tí Blender, sọ́fítíwià 3D tá a máa lò, bá ń sọ pé òun ò mọ fáìlì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, ẹ fi Notepad ṣí i wò, tẹ́ ẹ bá ti rí "DOCTYPE html" lókè pátápátá, ọ̀ràn ti yé yín nìyẹn.

Ẹ̀yìn NASA, mo fẹ́ràn Smithsonian gan-an, àwọn ilé ìkó-nǹkan-ìtàn-sí ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi ẹ̀rọ síkáànù ọkọ̀ Columbia, èyí tó gbé àwọn Armstrong padà wálé láti òṣùpá ní 1969, wọ́n síkáànù inú àti ìta ẹ̀, wọ́n sì gbé e síta ní 2016. Ohun tó dáa nínú síkáànù ni pé ìdọ̀tí, ibi tí iná ti jó ara ẹ̀ nígbà tó ń wọlé bọ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú texture, ìyẹn àwòrán tí wọ́n fi bo ara mọ́dẹ́lì, kódà ohun táwọn tó wà nínú ọkọ̀ yẹn fi ọwọ́ kọ sára ògiri wà níbẹ̀, títí kan kàlẹ́ńdà kékeré kan. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa ya irú ẹ̀ látọkàn. Ohun tó burú nínú síkáànù ni pé ó wúwo, mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn. Láti February 2020 ni Smithsonian ti ṣí ọ̀pọ̀ nǹkan wọn sílẹ̀ lábẹ́ CC0, ìyẹn ni pé ẹ lè lò ó bó ṣe wù yín, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ o, ẹ wo àmì CC0 lára èyí tẹ́ ẹ fẹ́ mú kẹ́ ẹ tó mú un.

Sáìtì Sketchfab náà wà, ibẹ̀ ló kún jù, ẹ máa ní láti ṣí àkáǹtì, kẹ́ ẹ sì mú "Downloadable" níbi tẹ́ ẹ ti ń yan ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa fi ojú rí i, ọwọ́ ò ní tó o. Ọkọ̀ táwọn èèyàn fi èrò inú ara wọn ṣe ló pọ̀ níbẹ̀, ti ìjọba náà sì wà.

Tó bá jẹ́ òkúta ojú sánmà lẹ ń wá, ẹ má gbẹ́ ẹ fúnra yín, ti gidi wà nílẹ̀. Bennu, tí ọkọ̀ OSIRIS-REx lọ bá, wà ní mọ́dẹ́lì, ó fẹ̀ tó nǹkan bíi 500 mítà. Ti 67P, ìràwọ̀ oníìrù tí ọkọ̀ Rosetta lọ bá, náà wà lọ́dọ̀ ESA, àjọ ojú sánmà ti ilẹ̀ Yúróòpù, 67P fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 4, ó rí bákan ṣá, orí méjì ló ní, ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ẹ kàn ń ṣeré ni. Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n lo ti gidi torí òkúta tá a bá fọwọ́ ara wa ṣe sábà máa ń rí róbótó jù, gbágungbàgun tó wà lára ti gidi kì í wá sọ́kàn ẹni.

Fún ọkọ̀ tó dà bíi ti géèmù, tí polygon ẹ̀ (àwọn ojú pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀ di mọ́dẹ́lì) ò pọ̀, tí àwọ̀ ẹ̀ rọrùn, ẹ wá Kenney àti Quaternius, àwọn méjèèjì ní odidi àpótí nǹkan ojú sánmà lábẹ́ CC0, kò sí àlàyé púpọ̀ níbẹ̀, ẹ mú un kẹ́ ẹ máa lọ.

Láísẹ́ǹsì, kó má baà dọ̀ràn lẹ́yìn ọ̀la

Pé nǹkan jẹ́ ọ̀fẹ́ láti dáúnlóòdù ò sọ pé ẹ lè tà á. CC0, ẹ ṣe bó ṣe wù yín. CC BY, ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe é, orúkọ iṣẹ́ ẹ̀, ibi tẹ́ ẹ ti mú un àti láísẹ́ǹsì ọ̀hún. CC BY-SA, tẹ́ ẹ bá tún un ṣe tẹ́ ẹ sì pín in, abẹ́ láísẹ́ǹsì kan náà ló máa wà. Ẹ rí NC, ẹ má fi gba owó. Ẹ rí ND, ní tèmi o, ẹ fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá òmíràn, torí gbogbo ohun tá a fẹ́ fi mọ́dẹ́lì ṣe ni pé ká yí i padà, ká fi kún un, ká kó o mọ́ nǹkan míì.

Ti NASA, iṣẹ́ wọn kì í sábà ní copyright ní Amẹ́ríkà, ẹ lè fi ṣòwò. Àmọ́ lógò wọn yàtọ̀ pátápátá, bọ́ọ̀lù aláwọ̀ búlúù yẹn àti èyí tí wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ, méjèèjì ní òfin tiwọn, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó dà bíi pé NASA fọwọ́ sí ọjà yín. Ibi tó ti máa ń mú àwọn èèyàn ni pé lógò yẹn ti wà nínú texture mọ́dẹ́lì látilẹ̀. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ tà ni, ẹ ṣí àwòrán texture yẹn nínú Krita tàbí GIMP, ẹ kùn ún pa, kò gba àkókò.

Èyí tó wá ṣòro jù ni pé àmì láísẹ́ǹsì tó wà lára mọ́dẹ́lì kan ò lágbára ju ẹni tó gbé e síbẹ̀ lọ. Ẹnì kan lè yọ ọkọ̀ kan jáde látinú géèmù tàbí kó da ọkọ̀ inú sinimá kọ, kó wá fi CC BY lé e lórí, kò sọ ọ́ di tiẹ̀ o. Ẹ wo àwọn iṣẹ́ míì tónítọ̀hún ní. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá rí bíi pé ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe é, tí kò sí àlàyé kankan, tí kò sí àwòrán bó ṣe ń ṣe é lọ, ẹ jẹ́ kí ara yín má balẹ̀.

Tí fọ́máàtì bá ju ẹyọ kan lọ, èwo la fẹ́ mú?

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa gbé mọ́dẹ́lì kan náà síta ní oríṣi mẹ́ta mẹ́rin, ibí yìí lẹ ti máa gba ara yín lọ́wọ́ wàhálà. Tẹ́ ẹ bá rí .blend, òun ni kẹ́ ẹ mú tó bá jẹ́ pé Blender lẹ ń lò. Tí kò bá sí, GLB, torí GLB kó ìrísí, àwọ̀ àti àwòrán texture pọ̀ sójú kan nínú fáìlì ẹyọ kan, kò sí èyí tó máa já lọ́nà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó tún mọ iye tó tóbi, mítà ni wọ́n ní kí gbogbo glTF máa fi ka nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe é kì í fìgbà gbogbo tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ẹ̀ ni FBX. Lẹ́yìn ẹ̀ OBJ, OBJ dáa, ibi gbogbo ló ti ń ṣí, àmọ́ fáìlì ẹyọ kan kọ́, ó ní .mtl tó ń sọ orúkọ àwọ̀, ó tún ní àwọn àwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́, tẹ́ ẹ bá mú .obj nìkan, funfun báláú lẹ máa bá.

.3ds ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù torí òun ló kún inú mọ́dẹ́lì NASA tó ti pẹ́. Fọ́máàtì àtijọ́ ni, láti ayé DOS, ó sì ṣì ń gbé òfin ayé DOS kiri. Àkọ́kọ́, orúkọ àwòrán inú ẹ̀ ò lè ju lẹ́tà 8 lọ, pẹ̀lú 3 lẹ́yìn àmì ìdádúró. Ìyẹn ni pé tí àwòrán bá ń jẹ́ solarpanel_front.jpg, inú .3ds á máa pè é ní SOLARPAN.JPG, sọ́fítíwià á wá a títí, kò ní rí i, torí orúkọ ò bára mu. Ìkejì, mesh kan nínú ẹ̀ (ara mọ́dẹ́lì tí polygon so pọ̀ di) ò lè ju nǹkan bíi 65,000 vertex (ibi tí igun àwọn polygon ti pàdé) lọ, èyí tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti gé e wẹ́wẹ́, ẹ ó wá máa rí ilà níbi tí wọ́n gé e sí. Tẹ́ ẹ bá ti mọ méjì yìí, ìdajì ohun tí .3ds máa ń ṣe síni ò ní yà yín lẹ́nu mọ́.

STL mo ti sọ tiẹ̀. STEP ẹ̀wẹ̀, tó bá jẹ́ pé òun lẹ rí lọ́dọ̀ àwọn ẹnjiníà, kì í ṣe polygon rárá, ìṣirò ló wà nínú ẹ̀, sọ́fítíwià FreeCAD ló máa bá yín sọ ọ́ di mesh. Níbẹ̀, òǹkà ìyàtọ̀ tó máa béèrè lọ́wọ́ yín ló máa pinnu bó ṣe máa dán tó, tó bá kéré jù, fáìlì á wúwo bí òkúta, tó bá pọ̀ jù, ohun róbótó á máa ní igun. Fọ́máàtì DAE náà, ẹ ṣọ́ra, Blender 5.0 ti yọ ọ́ kúrò, tẹ́ ẹ bá ní DAE nílẹ̀, ẹ fi Blender àtijọ́ ṣí i kẹ́ ẹ sì yí i padà báyìí kẹ́ ẹ tó gbàgbé.

Ó yá, ká yí i padà

Blender ni mo máa fi ṣàlàyé torí ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń gba ohun tó pọ̀. GLB, FBX, OBJ, STL, gbogbo wọn wà ní File, Import. .3ds nìkan lẹ ò ní rí níbẹ̀, láti 4.2 ni wọ́n ti gbé e lọ sí Extensions, torí náà ẹ lọ sí Edit, Preferences, Get Extensions, ẹ kọ 3DS síbẹ̀, ẹ tẹ Install, á wá yọjú ní Import. Tí ìyẹn bá ṣàgídí, sọ́fítíwià kan tó ń jẹ́ Assimp wà, kò ní bọ́tìnnì kankan, ẹ kàn máa kọ ọ̀rọ̀ sínú terminal (ibi tẹ́ ẹ ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà) ni, bí èyí:

assimp export voyager.3ds voyager.obj

Ó tán. Ó dáa fún ẹni tó ní fáìlì rẹpẹtẹ láti yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má kàn lọ gbé e sórí àwọn sáìtì tó ń sọ pé àwọn á bá yín yí i padà lọ́fẹ̀ẹ́, fáìlì mọ́dẹ́lì nìkan ni wọ́n máa ń gbà lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn àwòrán texture tó yẹ kó bá a lọ á kù sílẹ̀, ohun tí wọ́n á dá padà fún yín á wà láìláwọ̀.

Tó bá ti wọlé tán, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ yẹ bó ṣe tóbi tó wò. Ẹ tẹ N, ẹ wo Dimensions. Hubble gùn tó mítà 13.2. ISS tó mítà 109 láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Àwo ńlá tó wà lórí Voyager fẹ̀ tó mítà 3.7. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Saturn V ga tó mítà 110. Tí Hubble yín bá wá ń sọ pé òun tó mítà 13,200, milimítà ni wọ́n fi ṣe é, ẹ fi 0.001 sọ́dọ̀ Scale, kẹ́ ẹ wá tẹ Ctrl+A kẹ́ ẹ mú Scale. Ctrl+A yìí ṣe pàtàkì o, tẹ́ ẹ bá fò ó, ẹ máa fẹ́ gbé e jáde lọ sí sọ́fítíwià míì, á tún padà di òmìrán. Tó bá jẹ́ pé ẹ wọlé tẹ́ ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ mú un lórúkọ nínú Outliner (ibi tí orúkọ gbogbo nǹkan inú iṣẹ́ yín tò sí) kẹ́ ẹ tẹ dọ́ọ̀tì tó wà lórí numpad, kámẹ́rà á lọ bá a níbi tó wà. Tó bá tóbi jù tí apá kan ẹ̀ ń pòórá, ẹ lọ fi kún Clip End, ìyẹn ibi tí Blender ń ríran jìnnà dé.

Tó bá dùbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ ibi tó ń pè lókè ni. Blender gbà pé Z ni òkè, glTF àti ọ̀pọ̀ sọ́fítíwià míì ní Y ni. Ẹ yí i ní 90 lórí X, ẹ tẹ Ctrl+A, Rotation. Ó tán.

Ibi tó ṣófo, ibi tó dúdú, ibi tó ní ilà

Èyí ni ohun tó máa ń lé àwọn èèyàn sá. Ẹ máa rí sátẹ́láìtì kan tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan dúdú tàbí tí ẹ lè rí inú ẹ̀ látìta. Àwọn face kan, ìyẹn polygon kọ̀ọ̀kan, ló kọjú sínú. Lókè lápá ọ̀tún ẹ ṣí Overlays, ẹ mú Face Orientation, búlúù ni ìta, pupa ni inú. Tẹ́ ẹ bá rí pupa níta, ẹ wọ Edit Mode, ẹ tẹ A kẹ́ ẹ mú gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ Shift+N. Á tún un ṣe lọ́pọ̀ ibi. Ibi tí kò bá tún ṣe, páálí tín-ín-rín ló sábà máa ń jẹ́, bíi solar panel tó jẹ́ ojú kan ṣoṣo láìní ẹ̀yìn, ẹ mú ìyẹn lọ́wọ́ kẹ́ ẹ fi Flip yí i, tàbí kẹ́ ẹ fi Solidify fún un ní ìnípọn díẹ̀, mo fẹ́ràn Solidify jù torí solar panel gidi kì í ṣe bébà.

Ilà tó gba ara ẹ̀ kọjá, ìyẹn ni ibi tí .3ds ti gé e tàbí tí vertex méjì ti gun orí ara wọn láìso pọ̀. Edit Mode, A, M, By Distance. Ẹ wo nọ́ńbà tó máa sọ nísàlẹ̀ pé òun yọ kúrò, tó bá yọ ìdajì mọ́dẹ́lì yín dànù, Distance yẹn ló pọ̀ jù, ẹ dín in kù. Ìdí nìyí tí mo fi ní kẹ́ ẹ tún bó ṣe tóbi ṣe kẹ́ ẹ tó dé ibí, torí ohun tó jẹ́ ìdá mítà lára Hubble gidi lè jẹ́ odidi kámẹ́rà lára Hubble tí wọ́n ṣe ní kékeré. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá fi Shade Auto Smooth sí i, kí ohun róbótó máa dán, kí igun sì máa ṣe igun.

Àwọ̀ tó sọnù ńkọ́? File, External Data, Find Missing Files, ẹ nawọ́ sí fóldà tí àwòrán wà. Tó bá jẹ́ ọ̀ràn orúkọ .3ds tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni, kò ní rí i, ẹ máa ní láti tún orúkọ àwòrán yẹn kọ kó bá èyí tí mọ́dẹ́lì ń pè mu. Tó bá ti yọ, ẹ mú Pack Resources lójú ẹsẹ̀, kó wọnú .blend lọ, kó má tún sọnù mọ́.

Kódà nígbà tí àwọ̀ bá wà, mọ́dẹ́lì àtijọ́ máa ń dà bíi ike ọmọdé. Wúrà tẹ́ ẹ máa ń rí lára sátẹ́láìtì, ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ Kapton ni, aluminiọ̀mù ló wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n fi ń bo ẹ̀rọ kí ooru àti òtútù má baà pa á. Inú .3ds, yẹ́lò lásán ni wọ́n kùn síbẹ̀. Ẹ mú material yẹn, ẹ gbé Metallic lọ sí 1, Roughness sí bíi 0.25, kẹ́ ẹ wá fi Noise Texture gba inú Bump kó lè rún wẹ́wẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, òun ló sì ń mú kí èèyàn gbà pé nǹkan gidi lòun ń wò, ju polygon mílíọ̀nù kan lọ. Tí mọ́dẹ́lì bá wá pẹ̀lú normal map (àwòrán tó ń mú kí ihò àti kókó hàn lára ohun tó tẹ́jú) tí ihò ń yọ síta tí kókó ń wọlé, ìyẹn jẹ́ pé irú ti DirectX ni wọ́n ṣe, ẹ yí àwọ̀ green ẹ̀ sódì. Normal map tàbí ohunkóhun tó bá jẹ́ òǹkà, Color Space ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí Non-Color.

Síkáànù tó wúwo jù

Columbia tí mo sọ yẹn tàbí òkúta tó ní face mílíọ̀nù mélòó kan, ẹ má gbé e wọ Blender bẹ́ẹ̀ tí kọ̀ǹpútà yín ò bá lágbára. MeshLab ni kẹ́ ẹ fi ṣí i. Ẹ lọ sí Filters, sí ibi tí wọ́n kọ Simplification sí, ẹ wá Quadric Edge Collapse Decimation. Oríṣi méjì ló wà, ọ̀kan kọ "with texture" sí i, èyí ni kẹ́ ẹ lò tí mọ́dẹ́lì bá ní àwòrán lára, ìkejì á ba àwọ̀ jẹ́. Ẹ máa dín in ní ìdajì ìdajì, kẹ́ ẹ máa wò ó, ẹ má já a lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ máa wò ni ẹ̀bá ẹ̀, ìlà tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ojú ọ̀run dúdú, torí inú lè jẹ́ ayédèrú kí texture bo àṣírí ẹ̀, àmọ́ ẹ̀bá kì í purọ́.

Òṣùpá ò nílò mọ́dẹ́lì

Àwọn èèyàn máa ń wá mọ́dẹ́lì òṣùpá, mọ́dẹ́lì Mars. Bọ́ọ̀lù lásán ni wọ́n o, àwòrán tẹ́ ẹ máa fi bò ó lẹ ń wá. Lọ́dọ̀ Scientific Visualization Studio ti NASA, ẹ wá CGI Moon Kit. Àwọ̀ ẹ̀ wá látọ̀dọ̀ kámẹ́rà ọkọ̀ Lunar Reconnaissance Orbiter, gíga ilẹ̀ wá látọ̀dọ̀ ẹ̀rọ lésà tó wà lórí ọkọ̀ kan náà. Èyí tó tóbi jù nínú àwọ̀ jẹ́ 27360 x 13680, ẹ má mú un tí kò bá jẹ́ pé kámẹ́rà yín fẹ́ sún mọ́ ilẹ̀ gan-an, èyí tó kéré máa tó yín.

Ẹ fi UV Sphere ṣe é, radius 1, ẹ fi àwọ̀ sí Base Color. Gíga ilẹ̀ ẹ gbà á inú Displacement, Non-Color, Midlevel 0. Scale ńkọ́? Fáìlì TIFF ti floating point yẹn, kìlómítà ló fi ka nǹkan, láti ibi tó jẹ́ kìlómítà 1737.4 sí àárín òṣùpá. Bọ́ọ̀lù yín jẹ́ 1, torí náà ẹ pín 1 sí 1737.4, á fún yín ní 0.000576. Ẹ fi síbẹ̀. Ẹ lè má rí ìyàtọ̀ púpọ̀, òtítọ́ ni bẹ́ẹ̀, òkè tó ga jù lórí òṣùpá kò tó kìlómítà 11, lára nǹkan tó tóbi tó yẹn, òṣùpá fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ̀lọ̀. Tó bá jẹ́ àwòrán lẹ fẹ́ kó wuyì, ẹ fi 3 tàbí 4 sọ ọ́ di púpọ̀, kò sẹ́ni tó máa mú yín, ṣùgbọ́n tó bá kọjá ìyẹn, òṣùpá yín á di ọsàn.

Mars, USGS Astrogeology ló ni àwòrán tó dáa jù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì lójú kan láìwá kiri, Solar System Scope kó wọn jọ lábẹ́ CC BY 4.0, ẹ dárúkọ wọn. Ìràwọ̀ ẹ̀yìn, Deep Star Maps 2020, Scientific Visualization Studio náà ló ṣe é, ìràwọ̀ bílíọ̀nù 1.7 ló wà nínú ẹ̀, EXR ni, ẹ fi sí Environment Texture nínú World. Àmọ́ o, tẹ́ ẹ bá ń ya ọkọ̀ tí oòrùn ń ràn sí lára, ẹ rẹ ìràwọ̀ yẹn sílẹ̀ gan-an, kámẹ́rà tó ṣí fún ìwọ̀n ìgbà tó bá oòrùn mu kì í rí ìràwọ̀, ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀run fi dúdú kirimu nínú àwọn fọ́tò tí wọ́n yà lórí òṣùpá.

Iná ni kẹ́ ẹ fi parí ẹ̀, Sun kan ṣoṣo. Angle ẹ̀, ìyẹn bí oòrùn ṣe fẹ̀ tó lójú, ní àdúgbò ayé jẹ́ nǹkan bíi dígírì 0.53, ní Mars 0.35, ní Jupiter nǹkan bíi 0.1, bó ṣe ń jìnnà ni òjìji ń mú bí abẹ. Ẹ má fi iná kejì kún un torí pé apá kan ṣókùnkùn, kò sí afẹ́fẹ́ tó máa tan ìmọ́lẹ̀ ká níbẹ̀. Tí ọkọ̀ bá wà nítòsí ayé tàbí òṣùpá, ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà látara wọn nìkan lẹ lè fi rẹ òkùnkùn yẹn sílẹ̀ díẹ̀.

Gbígbé e lọ síbi tẹ́ ẹ ti ń kùn ún

Kì í ṣe gbogbo wa ló ń parí nínú Blender. Procreate ń gba OBJ àti USDZ láti 5.2, ẹ rí i pé mọ́dẹ́lì ní UV (ohun tó ń sọ bí àwòrán ṣe máa tò sára mọ́dẹ́lì) kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, tí kò bá ní, ẹ ò ní rí ibi kùn. Clip Studio Paint ń gba FBX àti OBJ, ẹ lè fi gbé ọkọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ yí i síbi tó wù yín, kẹ́ ẹ wá fi ìlà ya lé e lórí. Daz Studio, sẹ̀ǹtímítà ló fi ka nǹkan, tó bá ń béèrè nígbà tẹ́ ẹ ń mú OBJ wọlé, ẹ mú Blender nínú àwọn tó tò síbẹ̀, á ṣe ìṣirò fún yín. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbé OBJ jáde, Path Mode ẹ̀ ẹ fi sí Copy, kí àwọn àwòrán bá a lọ sínú fóldà kan náà. Ti FBX, Copy pẹ̀lú àmì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí àwòrán lè wọnú fáìlì lọ.

Zip tẹ́ ẹ dáúnlóòdù, ẹ má pa á rẹ́, ohun tí fọ́máàtì bá já sílẹ̀ inú ẹ̀ nìkan lẹ ti máa rí i padà. Inú fóldà kan náà, ẹ ṣí fáìlì text, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe é, ibi tẹ́ ẹ ti mú un, láísẹ́ǹsì tó wà lára ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn àti ọjọ́ náà, torí ẹni tó gbé e síta lè yí láísẹ́ǹsì padà tàbí kó yọ ọ́ kúrò pátápátá, oníbàárà tó bá sì bi yín lẹ́yìn ìgbà náà, ohun tẹ́ ẹ máa fi hàn án nìyẹn.